Ẹni Tí Yóò Bá Kó Jáde Nílé, Kó Dágbére fún Onílé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Òwe yìí kò bú ẹnikẹ́ni. Ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ ló sọ. Ọmọdé tó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré òṣùpá lónìí yóò dàgbà, yóò kó lọ sí ìlú mìíràn, yóò sì ní ẹgbẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó pa òwe náà kò sọ pé kí ọmọdé yọ́ kẹ́lẹ́ kúrò nínú eré nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń retí pé kó wá dúró sí ipò rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn lọ, ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn sá lọ. Ìyàtọ̀ méjèèjì yìí ló dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ nínú eré rọ́gbì ní oṣù keje ọdún 2008, àríyànjiyàn náà kò sì tíì parí títí di òní.

Ní oṣù náà, ọ̀dọ́kùnrin kan tí ń jẹ́ Sonny Bill Williams, ọmọ bíbí ìlú Auckland ní ilẹ̀ New Zealand, wọ ọkọ̀ òfuurufú ní ìlú Sydney ní Ọsirélíà, ó sì kọrí sí ilẹ̀ Yúróòpù. Kò tíì pé ọmọ ọdún 23 nígbà náà. Ẹgbẹ́ Canterbury Bulldogs ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Ìwé àdéhùn ọdún 5 ló wà láàárín òun àti ẹgbẹ́ náà, kò sì tíì lo ọdún méjì pé nínú rẹ̀. Kò dágbére fún àwọn tí wọ́n jọ ń wọ aṣọ kan náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹyẹ ti fò. Ìlú Toulon ní ilẹ̀ Faransé ló ń lọ, níbi tí Tana Umaga, ẹni tó ti ṣe balógun ikọ̀ New Zealand rí, ti ń kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Kì í ṣe ẹgbẹ́ nìkan ni Williams pààrọ̀. Eré gan-an ló pààrọ̀. Ó kúrò nínú rọ́gbì Líìgì, ó bọ́ sínú rọ́gbì Yúníọ̀n.

Ariwo ta. Àwọn kan pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Àwọn kan yí orúkọ rẹ̀ po, wọ́n ń pè é ní “Money Bill”, ìyẹn ni pé owó ló ń tẹ̀ lé. Àwọn mìíràn ní kò sí ohun tó burú nínú ohun tó ṣe, pé òṣìṣẹ́ ni, òṣìṣẹ́ a sì máa wá ibi tí owó gbé pọ̀. Àgbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ó yẹ kí a gbọ́ tọ̀tún tòsì kí a tó ya ẹnikẹ́ni sí ẹlẹ́bi.

ILÉ MÉJÌ TÓ TI INÚ ILÉ KAN JÁDE

Ẹni tí kò bá mọ ìtàn eré yìí lè béèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Ṣebí lọ́dọọdún ni àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ń ti ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn? Ṣùgbọ́n ti rọ́gbì yàtọ̀. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ rí gbọọrọ bí ẹyin. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, wọn kì í sì í fi ọwọ́ jù ú síwájú. Oríṣi méjì ni eré náà. Ènìyàn 15 ló ń wà ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú Yúníọ̀n, ènìyàn 13 ló sì ń wà nínú Líìgì. Nínú Yúníọ̀n, bí wọ́n bá gbé ẹni tó mú bọ́ọ̀lù ṣubú, ìjàkadì ni láti já a gbà nílẹ̀. Nínú Líìgì, ẹni tó ṣubú yóò dìde, yóò fi ẹsẹ̀ yí bọ́ọ̀lù náà sẹ́yìn fún ẹnìkejì rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé wọn ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́fà, bọ́ọ̀lù di ti alátakò. Ọmọ ìyá ni eré méjèèjì, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá tó ti bínú síra wọn fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ owó ló dá ìbínú náà sílẹ̀. Ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní àgbègbè Yorkshire àti Lancashire, àwọn tó ń wa èédú nínú ilẹ̀ àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ òwú ló pọ̀ jù nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù. Bí wọ́n bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n pàdánù owó iṣẹ́ ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá fara pa, ebi dé sílé. Ní gúúsù, àwọn ọmọ ọlọ́rọ̀ tí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ ńláńlá jáde ni wọ́n di àṣẹ eré náà mú, àwọn kò sì mọ ohun tí pípàdánù owó iṣẹ́ ọjọ́ kan jẹ́ fún ẹni tí kò ní òmíràn. Ní ọdún 1893, àwọn ará àríwá gbé àbá lọ sí ìpàdé ní Lọ́ńdọ̀nù pé kí a máa san owó iṣẹ́ tí agbábọ́ọ̀lù bá pàdánù padà fún un. Ìbò 136 tì wọ́n lẹ́yìn, 282 takò wọ́n. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1895, àwọn ẹgbẹ́ tó lé ní 20 para pọ̀ ní George Hotel ní ìlú Huddersfield, wọ́n ya kúrò, wọ́n sì dá Northern Union sílẹ̀. Ṣílè 6 fún ọjọ́ kan ni owó tí wọ́n fọwọ́ sí. Nítorí ṣílè mẹ́fà ni ilé ṣe pín sí méjì.

Láti ìgbà náà ni olúkúlùkù ti ń tún òfin tirẹ̀ ṣe. Ní ọdún 1906, àwọn ará àríwá dín agbábọ́ọ̀lù kù sí 13. Nígbà tó di ọdún 1922, wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ wọn padà sí Rugby Football League. Ìyapa náà dé Sydney ní ọdún 1907, ọ̀rọ̀ owó àti ìtọ́jú ẹni tó fara pa ló sì fà á níbẹ̀ pẹ̀lú.

ILÉKÙN TÍ WỌ́N TÌ FÚN ỌGỌ́RÙN-ÚN ỌDÚN

Ohun tí àwọn aláṣẹ Yúníọ̀n ṣe lẹ́yìn ìyapa yìí ni kókó ọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá lọ gbá Líìgì, kó má padà wá mọ́ láéláé. Kì í ṣe ọdún kan, kì í ṣe ọdún mẹ́wàá. Títí ayé ni. Bẹ́ẹ̀ ni Yúníọ̀n kò san owó fún agbábọ́ọ̀lù, kò sì sí ìwé àdéhùn kankan tí ẹni tó lọ náà dà. Ẹni tí kò jẹ gbèsè ni wọ́n ń lé jáde bí ẹni tó jalè. Nígbà tí Jonathan Davies, balógun ikọ̀ Wales, kó lọ sí ẹgbẹ́ Widnes ní oṣù kìíní ọdún 1989, bí ẹni pé ó kú ni lójú àwọn aláṣẹ eré tó ti ń gbá tẹ́lẹ̀. Òun ṣe oríire, nítorí ayé yí padà kí ọjọ́ orí rẹ̀ tó lọ jìnnà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò rí irú oríire bẹ́ẹ̀.

Kí ni irú òfin bẹ́ẹ̀ bí? Ìkọ̀kọ̀ ló bí. Agbábọ́ọ̀lù Yúníọ̀n tó bá fẹ́ dán Líìgì wò kò jẹ́ fi orúkọ rẹ̀ hàn. Orúkọ àpèwò ni wọ́n ń tẹ̀ sínú ìwé fún un, irú bí “A. N. Other”, kí ojú má baà tì í, kí ilé àtijọ́ má sì lé e jáde kí ilé tuntun tó gbà á. Ilé tó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, fèrèsé ló ń kọ́ wọn láti máa gbà jáde. Ó yẹ kí àwọn tó ń pariwo pé àwọn ọ̀dọ́ òde òní ń sá lọ lóru rántí ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù rọ́gbì ní ìrìn òru.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1995, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ìyapa náà pé 100 ọdún, àwọn aláṣẹ Yúníọ̀n àgbáyé pàdé ní ìlú Paris, wọ́n sì kéde pé láti ìgbà náà lọ, a lè san owó fún agbábọ́ọ̀lù. Ilẹ̀kùn ṣí. Kí ọdún náà tó parí, Davies ti padà sílé, ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Cardiff. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1996, ẹgbẹ́ Bath tó jẹ́ ti Yúníọ̀n àti ẹgbẹ́ Wigan tó jẹ́ ti Líìgì pàdé lẹ́ẹ̀mejì láti dán ara wọn wò. Nígbà tí wọ́n lo òfin Líìgì ní Manchester, Wigan fi 82 sí 6 na Bath. Nígbà tí wọ́n lo òfin Yúníọ̀n ní Twickenham, Bath fi 44 sí 19 gbẹ̀san. Bath yìí ni ẹgbẹ́ Adédayọ̀ Adébáyọ̀, ọmọ tí a bí ní Ìbàdàn ní ọdún 1970, tó sì wọ aṣọ ikọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún náà gan-an. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjèèjì fi hàn pé kò sí ẹni tó lè fi ìmọ̀ ilé tirẹ̀ nìkan ṣe àkóso ilé ẹlòmíràn. Ẹ̀kọ́ tuntun ni ẹni tó bá kó lọ gbọ́dọ̀ kọ́.

ÌWÉ DÉ, ÌDÀLẸ̀ DÉ

Nígbà tí owó wọlé, ìwé àdéhùn wọlé tẹ̀ lé e. Bí ìwé bá sì ti wà, ẹni tí yóò ya á kò ní pẹ́ dé. Ẹ̀ṣẹ̀ ayé àtijọ́ ni kí ènìyàn gbá eré kejì. Ẹ̀ṣẹ̀ ayé tuntun ni kí ènìyàn lọ gbá a nígbà tí àkókò tó bá ẹlòmíràn dá kò tíì pé. Ní ọdún 2001, Iestyn Harris kúrò ní ẹgbẹ́ Leeds lọ gbá Yúníọ̀n fún Cardiff. Nígbà tó padà sí Líìgì ní ọdún 2004, ẹgbẹ́ Bradford ló lọ. Leeds ní àdéhùn wà nílẹ̀ pé bí yóò bá padà, ọ̀dọ̀ àwọn ni yóò padà sí, ọ̀rọ̀ náà sì di ti kóòtù. Àmọ́ ti Williams ní ọdún 2008 ló mi eré náà jù lọ, nítorí pé gban̄gba ló ṣẹlẹ̀, ẹni tó ṣe é sì jẹ́ ìràwọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń wò.

Àwọn Bulldogs gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ New South Wales. Ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé Williams kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ mìíràn níwọ̀n ìgbà tí àdéhùn àkọ́kọ́ bá ṣì wà. Nígbà tó ṣe, wọ́n jókòó sọ ọ́, wọ́n sì parí rẹ̀ sí owó. Ìròyìn ìgbà náà gbé e pé 750,000 dọ́là Ọsirélíà ni àwọn Bulldogs gbà. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà là fún un láti gbá bọ́ọ̀lù ní Toulon.

Òfin tí ilé ẹjọ́ náà tẹ̀ lé ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1852, akọrin kan láti ilẹ̀ Jámánì, Johanna Wagner, bá Benjamin Lumley, olórí ilé ìṣeré kan ní Lọ́ńdọ̀nù, dá àdéhùn pé òun yóò kọrin fún un fún oṣù mẹ́ta, òun kò sì ní kọrin fún ẹlòmíràn. Frederick Gye, olórí ilé ìṣeré Covent Garden, fi owó tó jù bẹ́ẹ̀ lọ̀ ọ́. Ilé ẹjọ́ ní àwọn kò lè fi tipátipá mú obìnrin náà kọrin fún Lumley, ṣùgbọ́n àwọn lè dá a dúró pé kó má kọrin fún Gye. Ìdájọ́ tó jinlẹ̀ ni. Òfin kò lè mú ọkàn ènìyàn ṣiṣẹ́ níbi tí kò fẹ́, ṣùgbọ́n ó lè sọ fún un pé ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ní ìwọ̀n. Ní ọdún 1853, àwọn adájọ́ fi kún un pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fa ẹlòmíràn láti da àdéhùn, òun náà lè jẹ̀bi.

OHUN TÍ ÀWỌN TÓ GBÈJÀ Ọ̀DỌ́ Ń SỌ

Àwọn tó ń gbèjà irú agbábọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ kò sọ̀rọ̀ lásán. Wọ́n ní ara ènìyàn ni ọjà tí agbábọ́ọ̀lù rọ́gbì ń tà. Eré tí ọkùnrin tó wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì méjì ti ń sáré wá kọlu ẹgbẹ́ rẹ̀, ọdún mélòó ni egungun lè fi gbà á? Ẹni tó bá ń súnmọ́ ọdún 35, àgbà ni lórí pápá. Bí ó bá fi ọdún 5 nínú ọdún díẹ̀ wọ̀nyí ṣiṣẹ́ fún owó tí kò tó èyí tó lè rí níbòmíràn, ta ni yóò san án padà fún un nígbà tí orúnkún bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké?

Wọ́n tún ní àwọn ẹgbẹ́ náà kì í ka ìwé sí bí kò bá ṣe wọ́n láǹfààní. Bí agbábọ́ọ̀lù bá ti ń rẹ̀yìn, wọn a máa wá ọ̀nà láti tú u sílẹ̀ kí àkókò rẹ̀ tó pé, wọn a sì pe ìyẹn ní ètò iṣẹ́. Bí agbábọ́ọ̀lù bá ṣe irú rẹ̀, wọn a pè é ní ìdàlẹ̀. Ẹgbẹ́ Bulldogs pàápàá tó gbé Williams lọ sí kóòtù, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní Líìgì Ọsirélíà, gbogbo ẹgbẹ́ ló jọ fi ẹnu kò pé owó tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò ná lórí agbábọ́ọ̀lù lọ́dún kò gbọdọ̀ kọjá iye kan. Ní ọdún 2002, àṣírí tú pé àwọn Bulldogs ti ń kọjá iye náà níkọ̀kọ̀. Àmì 37 ni wọ́n gbà kúrò lọ́wọ́ wọn lọ́dún náà. Ẹni tí kò pa àdéhùn tirẹ̀ mọ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, báwo ni yóò ṣe fi ohùn gíga bá ọmọdé wí?

Àwọn kan tilẹ̀ fi ìwé àdéhùn wé oko ẹrú. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ wọn ti kọjá ààlà. Ẹni tó bá mọ àṣà Yorùbá mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ẹrú, ọ̀tọ̀ ni ìwọ̀fà. Ẹrú kò ní ọjọ́ tí yóò lọ. Ìwọ̀fà ń ṣiṣẹ́ fún olówó nítorí owó tí a yá, ọjọ́ tí owó náà bá sì pé padà, ọjọ́ náà ni òmìnira rẹ̀ pé. Kò sí ẹni tó lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà tó bá sá láìsan owó, ojú kò ní gbà á, ojú kò sì ní gba àwọn ará ilé rẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ìwé, tó sì ń gba owó oṣooṣù lórí rẹ̀, kì í ṣe ẹrú. Ó ní ọ̀nà àbájáde. Iye owó ọ̀nà náà ni ọ̀rọ̀ kù sí.

OHUN TÓ BÀJẸ́ TÍ OWÓ KÒ TÚN ṢE

Ẹ jẹ́ kí a wo apá kejì. Nígbà tí Williams jẹ́ ọmọ ọdún 19, ní ọdún 2004, ó wà nínú àwọn tó gba ife ẹ̀yẹ Líìgì fún Bulldogs. Bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fín igbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Kò sí ẹni tó lè gba ìyìn ọdún náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2008 tó sá lọ, ẹgbẹ́ náà ló gbẹ̀yìn nínú gbogbo àwọn tó díje. Kì í ṣe òun nìkan ló fà á. Nǹkan ti ń dojú rú fún wọn kó tó lọ. Síbẹ̀, ẹni tó bá jáde nínú ilé tó ń jó, tí kò pe ẹnikẹ́ni, kò lè sọ pé òun kọ́ ló dáná, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Àwọn ọkùnrin tó kù lórí pápá gbọ́dọ̀ gba ìkọlù tó yẹ kó pín sí ara tirẹ̀. Àwọn ọmọdé tó wọ aṣọ tí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn kò mọ ohun tí wọn yóò fi aṣọ náà ṣe. Àwọn òbí tó fi owó díẹ̀ tí wọ́n ní ra tíkẹ́ẹ̀tì ọdún kan nítorí pé wọ́n gbà pé yóò wà níbẹ̀, kò sí ilé ẹjọ́ tó dá owó wọn padà. Dọ́là 750,000 wọ àpò ẹgbẹ́. Kò wọ àpò àwọn wọ̀nyí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Owó lè ra ẹyin mìíràn, kò lè tún èyí tó fọ́ lẹ̀.

Ewu tó tóbi jù ni ti àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké. Ẹgbẹ́ tó rí ọmọ ọdún 15 ní àdúgbò tálákà, tó bọ́ ọ, tó kọ́ ọ, tó mú sùúrù fún un, kò ní ohun mìíràn tó lè fi dáàbò bo làálàá rẹ̀ ju ìwé àdéhùn yẹn lọ. Bí ìwé bá di ohun tí olówó lè fi ọwọ́ ya nígbàkúùgbà, àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò dẹ́kun títọ́ ọmọ. Àwọn ọmọ tálákà tí kò tíì yọrí ni yóò sì jìyà rẹ̀, kì í ṣe ìràwọ̀ tó ti lọ.

ÌDÁJỌ́ TÓ YẸ

Kí wá ni òdodo ọ̀rọ̀? Àkọ́kọ́, lílọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó ń gbá Líìgì tó fẹ́ gbá Yúníọ̀n kò da ìyá rẹ̀, kò da bàbá rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún tí Yúníọ̀n fi lé irú wọn jáde jẹ́ àbùkù fún ilé náà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tún mú irú rẹ̀ padà wá. Ó sì dà bí ẹni pé àwọn kan ti gbàgbé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, nígbà tí ariwo ìdíje tuntun kan tí wọ́n ń pè ní R360 gba ìlú, àwọn aláṣẹ Líìgì Ọsirélíà kéde pé agbábọ́ọ̀lù tó bá lọ síbẹ̀, ọdún 10 ni kò fi ní padà sínú eré àwọn. Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Kì í gé gbogbo apá. Ọdún mẹ́wàá nínú eré yìí, gbogbo ọjọ́ ayé agbábọ́ọ̀lù ni. Irú ìjìyà bẹ́ẹ̀ kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni ní òótọ́, ìkọ̀kọ̀ ni yóò tún kọ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́ ti kọ́ “A. N. Other”.

Èkejì, ẹni tó bá fẹ́ lọ kí àkókò tó pé gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lójú, kó sì san ohun tó yẹ. Ojú àwo ni àwo fi ń gba ọbẹ̀. Kì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe. Sam Burgess fi Líìgì sílẹ̀ lẹ́yìn tó gba ife ẹ̀yẹ pẹ̀lú South Sydney ní ọdún 2014, ó sì tọwọ́ bọ ìwé ọdún 3 pẹ̀lú Bath. Lẹ́yìn tí ìdíje àgbáyé ọdún 2015 kò dára fún ikọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó fẹ́ padà sílé. Ó ku ọ̀pọ̀ àkókò nínú ìwé rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì jókòó, South Sydney san owó, Bath tú u sílẹ̀, ó sì padà. Inú àwọn kan kò dùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jí láàárọ̀ tó bá ibùsùn ní òfìfo. Ti Joseph-Aukuso Suaalii tún dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2023 ni ìlú gbọ́ pé yóò bọ́ sí Yúníọ̀n. Síbẹ̀ ó dúró ti Sydney Roosters títí ìdíje ọdún 2024 fi parí, kó tó lọ. Ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún náà, ó wọ aṣọ ikọ̀ Ọsirélíà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Twickenham, wọ́n sì fi 42 sí 37 borí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún kan àti ààbọ̀ tó fi dúró kò sọ ọ́ di ògbólógbòó. Orúkọ rere ló fi kún orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí a má fi ẹnu kan agbábọ́ọ̀lù nìkan. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Olówó tó mọ̀ pé ọmọ kan ṣì wà lábẹ́ àdéhùn ẹlòmíràn, tó fi owó pè é lóru, òun gan-an ni ẹ̀bi rẹ̀ pọ̀ jù. Ó ti dàgbà ju ọmọ náà lọ, ó ní agbẹjọ́rò, ó mọ ohun tó ń ṣe. Níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ pé agbábọ́ọ̀lù nìkan ni ariwo ń dá lé lórí, àwọn tó ń fa ọwọ́ rẹ̀ yóò máa rẹ́rìn-ín lábẹ́ òrùlé wọn.

Ẹ̀kẹrin, kí ìwé àdéhùn fúnra rẹ̀ ní ilẹ̀kùn. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bí agbábọ́ọ̀lù bá fẹ́ lọ, iye báyìí ni yóò san, oṣù báyìí ni yóò fi sọ ọ́ ṣáájú. Bí ẹgbẹ́ bá sì fẹ́ tú u sílẹ̀, kí òṣùwọ̀n kan náà de àwọn náà. Òṣùwọ̀n tó bá wọn iyọ̀ fún aládùúgbò ni kó wọn ún fún onílé.

Apá kan ṣì wà nínú ìtàn Williams tí àwọn tó ń bú u kì í sábà sọ. Lẹ́yìn Toulon, ó padà sí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ó sì gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé pẹ̀lú ikọ̀ New Zealand ní ọdún 2011. Ṣùgbọ́n ó ti bọ ọgá Sydney Roosters lọ́wọ́ pé bí òun bá padà sí Líìgì, ọ̀dọ̀ wọn ni òun yóò wá. Kò sí ìwé. Ọwọ́ lásán ni. Nígbà tí àkókò tó, tí ogo ń pè é ní Yúníọ̀n lọ́tùn-ún lósì, ó padà sí Sydney ní ọdún 2013, ó sì bá wọn gba ife ẹ̀yẹ lọ́dún náà. Ẹni tó ya ìwé ọdún 5 ló pa àdéhùn ọwọ́ lásán mọ́.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò ṣòro láti rí. Tákàdá kì í ṣe òótọ́, ẹ̀rí òótọ́ lásán ni. Ẹni tí kò ní òótọ́ nínú, ìwé ogún ojú ewé kò lè dè é; ẹni tó bá ní in, bíbọ ọwọ́ tó o. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí ẹnikẹ́ni kò ti rí inú ẹnìkejì rẹ̀, kí àwọn ẹgbẹ́ máa kọ ìwé tó ní ilẹ̀kùn, kí àwọn olówó kó ọwọ́ wọn kúrò nínú ìkòkò ẹlòmíràn, kí àwọn aláṣẹ dín pàṣán kù, kí àwọn ọ̀dọ́ sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ tó bá fẹ́ rìn jìnnà kì í fi ìkórìíra sílẹ̀ lẹ́yìn. Ayé kò ní ojú ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹni tó sá jáde lánàá lè fẹ́ padà wọlé lọ́la, ilẹ̀kùn tó bá sì tì pẹ̀lú ìbínú a máa le í ṣí.